Ipa Àjogúnbá nínú Àìsàn Ásímà tó Le: Àlàyé lórí Ohun tí Ìwádìí Jíìnì ti Fi Hàn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ipa tí àjogúnbá ń kó nínú àìsàn ásímà, pàápàá irú èyí tí ó le tí oògùn kì í tètè kápá. A ṣe àgbéyẹ̀wò díẹ̀ nínú àwọn jíìnì tí ìwádìí ti tọ́ka sí láti ọdún 2002, a sì fi bí a ṣe ń jogún wọn wé bí a ṣe ń jogún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí àwùjọ Yorùbá ti mọ̀ dáadáa. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé kò sí jíìnì kan ṣoṣo tí ó ń fa ásímà; jíìnì púpọ̀ ni ó lọ́wọ́ sí i, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan, ohun tí ó sì wà ní àyíká ènìyàn ni ó sábà máa ń jí wọn. Nítorí náà, kò tọ́ kí a torí ásímà tú àdéhùn ìgbéyàwó ká, kò sì tọ́ kí a torí ìtìjú fi oògùn rẹ̀ pamọ́.

1. Ìfáàrà

Láyé àtijọ́, kí ìdílé méjì tó di àna ara wọn ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwádìí ni ó máa ń ṣíwájú. Alárinà yóò tọ pinpin ìdílé ọkùnrin àti ti obìnrin. Wọn yóò fẹ́ mọ̀ bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ẹbí náà. Ète àwọn bàbá wa dára: wọn kò fẹ́ kí ọmọ tí a kò tíì bí jìyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kà mọ́ àìsàn ìdílé ni ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa ẹ̀tẹ̀, àti pé oògùn ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni a ti yẹra fún láìjẹ́ pé wọ́n ní ẹ̀bi kankan.

Lóde òní, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti kún ìwádìí àwọn bàbá wa. Àfẹ́sọ́nà a máa béèrè lọ́wọ́ ara wọn bóyá AA ni wọ́n tàbí AS. Àmọ́ ìbéèrè mìíràn ti ń tẹ̀ lé èyí báyìí: ‘Ṣé kò sí ásímà nínú ẹbí yín?’ Nítorí ìbéèrè yìí, àwọn òbí kan a máa kìlọ̀ fún ọmọbìnrin wọn pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìgò oògùn tí ó ń fà sẹ́nu. Bí èémí ọmọ náà bá há láàárín èrò, oògùn tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wà nílé, lábẹ́ aṣọ. Ewu tí ó wà nínú èyí ni ó mú kí a gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni ènìyàn ń jogún gan-an nínú ásímà, báwo sì ni ohun tí a jogún náà ṣe lágbára tó?

A ó lo ọ̀rọ̀ àyálò ‘ásímà’ jálẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ìdí ni pé àwọn orúkọ ikọ́ tí àwọn ènìyàn kan fi ń pe àìsàn yìí, irú bí ikọ́ ife, ni àwọn mìíràn fi ń pe ikọ́ tí kòkòrò ń fà, tí ó sì ń ràn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Ásímà kì í ràn. A ó tún lo ‘jíìnì’ fún ẹyọ àṣẹ àjogúnbá tí ó wà nínú ara, àti ‘kúrómósómù’ fún okùn tín-ín-rín tí àwọn jíìnì tò sí.

2. Ásímà àti irú rẹ̀ tí ó le

Ọ̀nà èémí dà bí igi tí a dojú rẹ̀ délẹ̀: ẹ̀ka rẹ̀ ń pín wẹ́wẹ́ títí tí ó fi dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ara ẹni tí ó ní ásímà, nǹkan mẹ́ta ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí. Èkíní, iṣan tí ó yí wọn ká a máa fún wọn pọ̀. Èkejì, awọ inú wọn a máa wú. Ẹ̀kẹta, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a máa pọ̀ sí i, a sì máa dí ọ̀nà. Èyí ni ó ń fa ikọ́ òru, àyà híhá, àti ìró tí ó ń dún bíi fèrè nígbà tí ènìyàn bá ń mí síta.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi hàn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 262 ènìyàn ni ó ní ásímà lágbàáyé ní ọdún 2019, àwọn 455,000 sì ni ó kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní ọdún kan náà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ikú wọ̀nyí ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí oògùn kò ti tó tàbí tí ó ti wọ́n.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí ásímà tó le àti ásímà tí a kò tọ́jú. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣègùn, ásímà tó le ni èyí tí aláìsàn ń lo oògùn adínwúwú tí a ń fà sẹ́nu ní ìwọ̀n gíga, tí ó tún ń fi oògùn mìíràn kún un, tí àìsàn náà kò sì gbọ́, tàbí tí ó jẹ́ pé kìkì ìwọ̀n gíga bẹ́ẹ̀ ni ó lè mú un dúró. Ìṣirò tí a sábà ń lò ni pé àwọn tí wọ́n ní irú rẹ̀ jẹ́ 5 sí 10 nínú 100 àwọn tí ó ní ásímà. Ẹni tí kò rí oògùn adínwúwú lò rí kò tíì sí nínú ẹgbẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ìyà tí ó ń jẹ ẹ́ pọ̀ tó. Ó ṣe é ṣe kí ásímà rẹ̀ rọ̀ bí ó bá rí oògùn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a ó di ẹ̀bi àìrí-oògùn lé ẹ̀jẹ̀ ìdílé lórí.

3. Bí a ṣe ń jogún àìsàn: fòníkú-fọ̀ladìde àti ásímà

Inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní kúrómósómù méjìdínláàádọ́ta ó dín méjì, èyí ni 46, ní méjìméjì: ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nǹkan bíi 20,000 jíìnì tí ń pàṣẹ bí a ṣe ń ṣe purotéènì ni ó wà lórí wọn. Bí a bá fi DNA ènìyàn méjì wéra, a ó rí i pé wọ́n bára mu níbi púpọ̀, wọ́n sì yàtọ̀ síra níbi kéékèèké. Àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké yìí ni ó mú kí ẹnì kan ga kí èkejì kúrú, òun náà ni ó sì ń mú kí àìsàn kan tètè mú ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ.

Fòníkú-fọ̀ladìde rọrùn láti ṣàlàyé nítorí pé jíìnì kan ṣoṣo ni ó wà nídìí rẹ̀. Bí ọkọ bá jẹ́ AS tí aya náà sì jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣe é ṣe kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS. Ọmọ tí ó bá jẹ́ SS ní àìsàn náà, ibi yòówù kí ó máa gbé. Nítorí náà ni àyẹ̀wò ṣáájú ìgbéyàwó fi ní láárí fún irú àìsàn yìí.

Ásímà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó wọ inú ásímà pọ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fi èyí hàn ni ìwádìí lórí ìbejì. Ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì láti di wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ní jíìnì kan náà délẹ̀. Ìbejì tí ó ti inú ẹyin méjì wá kò ju bí ọmọ ìyá lásán lọ. Irú èyí kejì yìí ni ó pọ̀ jù láàárín àwọn Yorùbá, tí a mọ̀ káàkiri ayé fún bíbí ìbejì. Bí ásímà bá ń mú ìbejì ẹlẹ́yin kan pọ̀ ju bí ó ṣe ń mú ìbejì ẹlẹ́yin méjì pọ̀ lọ, a mọ̀ pé àjogúnbá lọ́wọ́ sí i. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní orílẹ̀-èdè Denmark ní ọdún 1999, èyí tí ó lé ní 11,000 ìbejì méjìméjì tí ó kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àjogúnbá ni ó fa ìdá 73 nínú 100 ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ènìyàn ibẹ̀ nípa bí ásímà ṣe lè mú wọn.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra bí a bá ń túmọ̀ ìṣirò yìí. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ alásímà 73 nínú 100 ni yóò ní ásímà. Ìyàtọ̀ láàárín àwùjọ kan, ní àyíká kan, ni ó ń wọ̀n. Ohun tí ó tún hàn nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni pé ó wọ́pọ̀ kí ásímà mú ọ̀kan nínú ìbejì ẹlẹ́yin kan kí ó má mú èkejì. Jíìnì wọn bára mu, ṣùgbọ́n ìlera wọn kò bára mu. Èyí nìkan tó láti fi hàn pé jíìnì kì í ṣe àyànmọ́.

4. Àwọn jíìnì tí ìwádìí ti tọ́ka sí

4.1 Láti ADAM33 dé orí kúrómósómù 17

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ìdílé 460 wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kéde jíìnì ADAM33, tí ó wà lórí kúrómósómù 20. Inú gbogbo ènìyàn dùn pé ọwọ́ ti tẹ ‘jíìnì ásímà’. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlòmíràn tún ìwádìí náà ṣe ní ibòmíràn, àbájáde wọn kò dọ́gba: àwọn kan rí i, àwọn kan kò rí i.

Ọdún 2007 ni ìgbésẹ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ wáyé. Àwọn onímọ̀ yẹ DNA ọmọdé 994 tí ó ní ásímà àti ènìyàn 1,243 tí kò ní in wò látòkè délẹ̀. Ibi kan lórí kúrómósómù 17, tí a ń pè ní 17q21, ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ibi yìí ni jíìnì ORMDL3 àti GSDMB wà. Láti ìgbà náà, ìwádìí lẹ́yìn ìwádìí ni ó ti rí ibi kan náà, pàápàá fún ásímà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. GSDMB ń pàṣẹ purotéènì kan tí ó lè dá ihò sára sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ ojú ọ̀nà èémí, kí sẹ́ẹ̀lì náà sì bẹ́. Àwọn kan jogún irú rẹ̀ tí apá kan ti gé kúrò lára rẹ̀, tí kò lè dá ihò náà mọ́. Ásímà kì í sábà mú irú àwọn bẹ́ẹ̀ tó àwọn yòókù.

4.2 Àwọn jíìnì tí ń lu agogo ìkìlọ̀

Ara ní ọdẹ tí ń ṣọ́ ọ. Bí kòkòrò tàbí eruku bá kan ojú ọ̀nà èémí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà níbẹ̀ yóò lu agogo kí àwọn ọmọ ogun ara lè jáde. Méjì nínú agogo wọ̀nyí ni purotéènì IL-33 àti TSLP. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2010, èyí tí ó kó alásímà 10,365 àti ènìyàn 16,110 tí kò ní ásímà jọ, fi hàn pé ìyàtọ̀ nínú jíìnì IL33 àti nínú IL1RL1, tí ó jẹ́ etí tí ń gbọ́ ìró agogo náà, ń fi kún ewu ásímà. Bí ọdẹ bá ń yìnbọn sókè nígbàkúùgbà tí ewé bá já bọ́, ìlú kò ní sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà èémí alásímà ṣe máa ń wú nítorí eruku tí kò tó nǹkan.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lórí èyí wá láti Iceland ní ọdún 2017. Wọ́n rí àwọn ènìyàn díẹ̀ níbẹ̀ tí ọ̀kan nínú ẹ̀dà IL33 tí wọ́n jogún kò ṣiṣẹ́. Ásímà kò wọ́pọ̀ láàárín wọn bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn yòókù.

4.3 Àwọn jíìnì tí ó jẹ mọ́ líle àìsàn náà

Kì í ṣe gbogbo jíìnì tí ó ń jẹ́ kí ásímà bẹ̀rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó le. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Denmark yan àwọn ọmọ tí ásímà ti sọ di èrò ilé ìwòsàn léraléra láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà tí a bí wọn. Ohun tí wọ́n rí ni jíìnì CDHR3. Ní ọdún 2015, ìdí rẹ̀ hàn: purotéènì tí jíìnì yìí ń ṣe ni ilẹ̀kùn tí irú fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn kan, rhinovirus C, ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ọmọ tí ó jogún irú CDHR3 kan ní ilẹ̀kùn púpọ̀ lójú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ọ̀fìnkìn tí ọmọ mìíràn fi ń ṣeré lè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn.

Ní ọdún 2019, ìwádìí mìíràn lórí ènìyàn 10,549 tí ásímà wọn wà láàárín ìwọ̀nba àti líle tọ́ka sí MUC5AC, jíìnì tí ó wà nídìí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àti GATA3, tí ó ń darí àwọn ọmọ ogun ara. Èyí bá ohun tí àwọn dókítà ti ń rí mu, pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ki máa ń dí ọ̀nà èémí àwọn tí ásímà tó le pa.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà; ìka kan ṣoṣo kò lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn jíìnì wọ̀nyí rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní wọn ni kò ní ásímà rárá. Ìdí nìyí tí kò fi sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí dókítà lè ṣe fún àfẹ́sọ́nà láti sọ pé ọmọ wọn yóò ní ásímà.

5. Àyíká ni ó ń jí jíìnì

Ìwádìí kan ní ọdún 2008 fi hàn pé ewu tí ó wà nínú 17q21 pọ̀ jù lọ lára àwọn ọmọ tí wọ́n fa èéfín sìgá símú ní kékeré. Ní ọdún 2013, òmíràn fi hàn pé ó ga lára àwọn ọmọ tí rhinovirus ti mú kí èémí wọn máa dún bíi fèrè ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ayé wọn. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti ọdún 2016: láàárín àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n dàgbà lẹ́bàá ibùso ẹran, irú 17q21 kan náà tí ó jẹ́ ewu fún ọmọ mìíràn di ààbò fún wọn.

A lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú èyí. Jíìnì dà bí irúgbìn. Ilẹ̀ tí ó bọ́ sí ni yóò sọ bí yóò ṣe hù. Bàbá tí kò lè yí jíìnì ọmọ rẹ̀ padà lè dẹ́kun sìgá mímu nínú ilé. Ìyá lè gbé igi ìdáná jáde kúrò nínú yàrá tí ọmọ ń sùn, kí ó sì máa sá ibùsùn sí oòrùn nítorí eruku.

6. Àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìwádìí yìí

Púpọ̀ nínú ìwádìí tí a ti mẹ́nu bà ni ó dá lórí àwọn ọmọ Yúróòpù. Àgbéyẹ̀wò kan ní ọdún 2016 fi hàn pé 81 nínú 100 àwọn tí ó kópa nínú irú ìwádìí jíìnì yìí, fún gbogbo àìsàn, ni ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn tí ó ní orírun ilẹ̀ Áfíríkà kò ju 3 lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà nínú ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí. Ètò HapMap, tí àbájáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2005, gba ẹ̀jẹ̀ 90 ènìyàn Yorùbá ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. Àwọn ni wọ́n di òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fi ń mọ bí DNA àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe rí. Nítorí pé ọmọ ènìyàn ti pẹ́ jù ní Áfíríkà, DNA àwọn ará ibẹ̀ ti pín sí wẹ́wẹ́ ju ti ibòmíràn lọ, èyí sì ń jẹ́ kí ó rọrùn láti mọ jíìnì tí ó jẹ̀bi gan-an láàárín àwọn tí ó sún mọ́ra.

Ní ọdún 2011, wọ́n rí jíìnì PYHIN1 tí ó jẹ mọ́ ásímà lára àwọn ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní ọdún 2019, àjọṣe onímọ̀ tí a ń pè ní CAAPA yẹ àwọn tí ó lé ní 14,000 wò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù Karibíà àti Brazil. Ó rí i pé àwọn jíìnì tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, irú bíi ti kúrómósómù 17, ni ó tún hàn lára àwọn náà. Kò sí ‘ásímà aláwọ̀ dúdú’ tí ó dá yàtọ̀.

Ìtàn oògùn salmeterol jẹ́ ìkìlọ̀ fún wa níhìn-ín. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí ó jáde ní ọdún 2006, ènìyàn 13 ni ásímà pa nínú àwọn tí ó lò ó, 3 péré sì ni nínú àwọn tí kò lò ó. Ewu náà hàn jù lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn kan rò pé jíìnì wọn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kópa ni kò lo oògùn adínwúwú pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ìwádìí mìíràn pa oògùn méjèèjì pọ̀ sínú ìgò kan, ewu náà kò hàn mọ́, àwọn aláṣẹ oògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì yọ ìkìlọ̀ líle tí ó wà lára irú ìgò bẹ́ẹ̀ kúrò ní ọdún 2017.

7. Ohun tí ìmọ̀ yìí fún wa

Àǹfààní àkọ́kọ́ ni oògùn. Mímọ̀ pé TSLP jẹ́ agogo ìkìlọ̀ ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti ṣe tezepelumab, tí ó ń di ẹnu agogo náà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ásímà tó le ní ọdún 2021. Owó irú oògùn bẹ́ẹ̀ ga ju agbára tálákà lọ.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dúró de oògùn olówó ńlá kí a tó gba ẹ̀mí là. Ní ìlú Salvador ní Bahia, níbi tí àwọn ọmọ Nàgó, ọmọ ìyá wa, pọ̀ sí, wọ́n dá ètò kan tí ń jẹ́ ProAR sílẹ̀ ní ọdún 2003. Ó ń fún àwọn tí ásímà wọn le ní oògùn adínwúwú lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń kọ́ wọn bí a ti ń lò ó. Láàárín ọdún díẹ̀, iye àwọn tí ásímà ń gbé dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ní ìlú náà dín kù ju ìdajì lọ. Jíìnì àwọn ará Salvador kò yí padà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Oògùn ni ó dé ọwọ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ mọ́ irú oògùn tí a ń lò. Oògùn atúṣan tí ń tètè mú ara tuni kì í wo wíwú inú ọ̀nà èémí. Láti ọdún 2019 ni ìlànà àgbáyé lórí ásímà ti sọ pé kí a má ṣe máa lo òun nìkan mọ́. Oògùn adínwúwú gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta jẹ mọ́ ìtàn ìdílé. Ó dára kí a mọ̀ pé ásímà wà nínú ẹbí, ṣùgbọ́n dókítà ni ó yẹ kí a sọ ọ́ fún, kí ó lè tètè dá a mọ̀ bí ọmọ bá ń húkọ́ lóru.

8. Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé a ń jogún nǹkan nínú ásímà, pé jíìnì tí ó lọ́wọ́ sí i pọ̀, pé àwọn kan wà tí ó ń mú kí ó le, àti pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó láti dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ohun tí a jogún kì í ṣe àìsàn náà fúnra rẹ̀ bí kò ṣe ara tí ó tètè ń fèsì. Ìwádìí ṣáájú ìgbéyàwó tí àwọn bàbá wa fi lélẹ̀ kò burú. Ohun tí ó yẹ ni kí a máa fi ìmọ̀ ṣe é. Kí a béèrè nípa AS, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ṣe pàtó. Ní ti ásímà, ìbéèrè tí ó yẹ kí àna bi àna ni pé: ‘Ṣé oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀?’ Ọmọbìnrin tí ìgò rẹ̀ wà nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, tí kò fi í pamọ́ fún ọkọ àti àna, ni ọkàn wa lè balẹ̀ lé lórí.